Mo Mọ Ìdérí, N Kò Mọ Ìdí

Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíì tí ẹ máa fi ṣẹ̀sín, èmi nìyí. Apajẹjẹrẹ-Má-lo-ọ̀bẹ lorúkọ tí mo sọ ara mi, torí ẹni tó máa sọ mí bẹ́ẹ̀ kò tètè dé.

Ọ̀gá yàrá ìwádìí wa fẹ́ fẹ̀yìn tì, ojú mi ò sì kúrò lára àga rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun la ń sìn nínú àwo pẹlẹbẹ. Àwọn kan ní bíréèkì tí kì í jẹ́ kí wọ́n pọ̀ kọjá ààlà. Àwọn kan ti sọ tiwọn nù. Oògùn tuntun kan dé tó yẹ kó pa àwọn tí kò ní bíréèkì nìkan. Èmi ni wọ́n ní kí n dán an wò.

Mo kọ oyè mi gàdàgbà sórí ìdérí àwo kọ̀ọ̀kan, mo wá fi irú sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ há ẹ̀gbẹ́ kan.

"Dókítà, ìdí àwo la máa ń kọ ọ́ sí," ni Màmá Láàbù wí, àgbà tó ti ń sin sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó bí mi.

"Kí nìdí?"

"Ìdí yẹn náà nìdí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló máa rí oyè mi ní ìdí àwo?

Ọjọ́ tí mo máa sọ àbájáde dé, gbọ̀ngán kún. Ìyá ìyàwó mi jókòó níwájú. Èmi ni mo pè wọ́n.

"Gbogbo ayé ló ti ń ṣì í!" ni mo kígbe. "Àwọn tó ní bíréèkì loògùn yìí pa! Àwọn tí kò ní ń jayé orí wọn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo bá gbé fọ́tò mi sójú ògiri: èmi rèé nínú ẹ̀wù funfun, àwo méjìlá ní ṣíṣí níwájú mi, ìdérí wọn lókìtì méjì.

Màmá Láàbù nàwọ́. "Ìgbà wo lẹ ya fọ́tò yìí?"

"Kí n tó fi oògùn sí i. Mo ṣí wọn kó lè rẹwà."

"Báwo lẹ ṣe mọ ìdérí tó ni àwo?"

"Mo dá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà mọ̀ lójú."

"Ẹ̀yin fi ojú lásán dá sẹ́ẹ̀lì mọ̀?"

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Èmi ò níyẹ̀ẹ́. Màmá gbé àwo kan sókè láti orí tábìlì tí mo pàtẹ wọn sí níwájú gbọ̀ngán. Lórí: "Ó ní bíréèkì." Ní ìdí, lọ́wọ́ ìkọ̀wé Màmá, wínníwínní: "Kò ní."

Oògùn ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ: àwọn tí kò ní bíréèkì ló pa. Èmi ni mo pààrọ̀ ìdérí.

Ọ̀gá ní kí n lọ jókòó, kì í ṣe sórí àga tí mo ń wò. Ẹ̀gbẹ́ ìyá ìyàwó mi ló ṣófo.

Wọ́n rọra bi mí, síbẹ̀ gbogbo gbọ̀ngán gbọ́: "Ọkọ ọmọ mi, tí wọ́n bá da oògùn yẹn lé ìwọ lórí, ṣé wàá yè é báyìí?"