Irùngbọ̀n Ìyá Hameedah

Ẹ bá mi kí Dókítà Jabez, ọkùnrin mẹ́ta àtààbọ̀! Oníbírò-Pupa! Arẹwà-má-kúrò-níwájú-dígí! Bó bá ń bọ̀ ní Rye Lane, ní Peckham nílùú Lọ́ńdọ̀nù níbí, tó bá kí ara ẹ̀ nínú gíláàsì alápatà tán, á tún dúró kí ara ẹ̀ nínú ti onífóònù. Ẹ bi í pé dókítà kí ni, á ní, "Dókítà èdè ni mí." Èdè ń ṣàìsàn ni, àbí?

Ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ọjọ́ Sátidé ló ń darí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road. Ọmọ ìmàle, ọmọ ìgbàgbọ́, gbogbo wọn ló ń lọ síbẹ̀. Èmi ni mo máa ń mú Tẹniọlá, ọmọ-ọmọ mi, lọ. Màá jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó ń tòògbé. Ojú mi ló ń dì, etí mi kì í dì.

Ṣé ẹ mọ bí Dókítà ṣe ń máàkì àròkọ àwọn ọmọ? Kì í kà á. Ó kàn ń wá ibi tí wọ́n ti yìn ín ni. Tó bá rí i, ọgọ́rùn-ún! Tí kò bá rí i, bírò pupa á máa ta ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí "Olùkọ́ mi." Tẹniọlá kọ tiẹ̀ pé: "Olùkọ́ mi máa ń wo ara rẹ̀ nínú fóònù kó tó kí wa. Tí a bá béèrè nǹkan, á ní ká dúró ná, irùngbọ̀n òun ò tíì jókòó dáadáa."

Òdo ló fún un. Kò tán síbẹ̀ o, ó tún dá a padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń ka a-b-d.

"Èdè rẹ kò jinlẹ̀," ló wí.

"Uncle, ṣé irọ́ ni mo kọ ni?"

"Ta ló sọ fún ọ pé òótọ́ là ń máàkì níbí?"

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara ẹ̀!

Inú bọ́ọ̀sì ni ọmọ náà ti bú sẹ́kún. "Grandma, mi ò lọ mọ́. I'm done. Òyìnbó ni màá máa sọ." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Tí Tẹniọlá bá pa Yorùbá tì, ta ló kù tí mo lè bá ṣòfófó nínú ilé yẹn? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de àyẹ̀wò tó ń bọ̀. Tí ẹlòmíì bá ka ìwé ẹ̀, tó sì ní kò dáa, ká jọ jókòó sílé.

Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ló ní àwọn ń bọ̀ wá wo bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ̀wé. Kíláàsì tó bá mókè, olùkọ́ ibẹ̀ ló máa di Ọ̀gá-Olùkọ́ fún Peckham, Lewisham àti Sydenham. Hàà! Dókítà rán agbádá. Ó tẹ bánà tí fọ́tò ẹ̀ kún inú ẹ̀ bámúbámú: "Ọ̀gá-Olùkọ́, a kí ọ!" Àyẹ̀wò ò mà tíì dé o!

Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn ò sọ ohun tí àwọn ọmọ máa kọ lé lórí. Ẹ wá wo ọgbọ́n. Dókítà fúnra ẹ̀ kọ àròkọ kan ṣoṣo, "Olùkọ́ mi," ó yin ara ẹ̀ dójú ikú níbẹ̀, ó ní kí gbogbo kíláàsì há a sórí.

Hameedah nawọ́ sókè. "Uncle, tí wọ́n bá fún wa ní topic míì ńkọ́?"

"Ẹ yọ 'olùkọ́' kúrò, kí ẹ fi tiwọn sí i. Ẹ má fọwọ́ kan ìyókù! Èdè ìjìnlẹ̀ ni."

Ẹni tó rán ṣòkòtò kan ṣoṣo fún gbogbo àdúgbò, ọjọ́ tí aboyún bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lojú ẹ̀ á là.

Ọjọ́ pé. Òbí kún gbọ̀ngàn. Aláyẹ̀wò wọlé, Àǹtí Bàrákàt, obìnrin kékeré tí ohùn ẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó kọ ọ́ sára pátákó: "Ìyá mi."

Bírò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọmọ kankan ò dúró ronú, àfi Tẹniọlá tó ń jẹ ìdí bírò. Dókítà fẹ́ lé e padà sáàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́, sà," Àǹtí Bàrákàt ní.

Nígbà tí wọ́n parí, Dókítà ti gba ìwé mọ́ aláyẹ̀wò lọ́wọ́. "Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí n kà á sétígbọ̀ọ́ ayé!" Ó wo ti Hameedah fìrí, ó rí "arẹwà" níbẹ̀, ó tó o. "Ọgọ́rùn-ún!" Ó wú ikọ́ àgbà.

"Ìyá mi jẹ́ arẹwà ọkùnrin!"

Àwọn òbí ń wo ara wọn.

"Ìyá mi ga bí ọ̀pẹ. Àyà ìyá mi fẹ̀ bíi ti akin lójú ogun. Irùngbọ̀n ìyá mi dúdú minimini" — ó ń fọwọ́ pa tiẹ̀ bó ṣe ń kà á — "bí ìyá mi bá ń kọjá, àwọn obìnrin á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀!"

Ẹ̀rín bú. Baba kan já bọ́ lórí àga. Dókítà rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni, ó bá ká apá agbádá sókè.

"Ẹ ṣé, ẹ ṣé! Ó kù o! 'Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ìyá mi ń jowú rẹ̀ nítorí pé…'"

Ìyá Hameedah dìde tòun ti híjàbù ẹ̀, ó na àgbọ̀n sókè. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá irùngbọ̀n ọ̀hún."

Ìgbà yẹn lojú ẹ̀ tó balẹ̀ sórí ìwé. Ó ṣí òmíràn: irùngbọ̀n. Ó tún ṣí òmíràn: irùngbọ̀n. Kò sí abiyamọ Peckham tí kò hurùngbọ̀n lọ́jọ́ náà.

"Olódo ni yín! Ta ló kọ́ yín ní ìranù yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Uncle!" Hameedah fẹsẹ̀ halẹ̀. "Ẹ ní ká má fọwọ́ kan ìyókù. I swear down!"

"Sà," Àǹtí Bàrákàt ní, "ẹ ṣáà ti fún un ní ọgọ́rùn-ún."

"Mo gbà á padà! Òdo ni!"

"Ẹni tó kọ ọ́ gan-an ló ni òdo yẹn, sà."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá agbádá nu òógùn. Dókítà èdè!

Àǹtí Bàrákàt fa ìwé tó wà nísàlẹ̀ yọ, ó kà á jẹ́jẹ́: "Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé àwọn arúgbó ní Sydenham. Ó máa ń sùn nínú bọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà ti mọ̀ ọ́n, á pariwo 'Peckham!' kó lè jí. Tó bá délé, á ní kò rẹ òun rárá. Irọ́ ni. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó gbà á gbọ́."

Bernice ọmọ mi, tó bí Tẹniọlá, ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ débi pé òrùlé fẹ́ ṣí.

"Ọmọ yìí mọ ìwé kọ," Àǹtí Bàrákàt ní. "Kíláàsì àwọn àgbà ni kó ti máa jókòó. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá-Olùkọ́, a máa wá ẹlòmíì."

Tẹniọlá sáré wá bá mi. "Grandma, aago mélòó la máa jáde ní Sátidé tó ń bọ̀?"

Dókítà ti ń yọ́ jáde. Dámiláre, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀, tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣílẹ̀kùn fún un, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ rọra o, Mummy!"

"Ó dàbọ̀ o, Mummy!" ni gbogbo gbọ̀ngàn dá a lóhùn.

Bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ dé ló bẹ́ sí. Kò tilẹ̀ wo ibi tó ń lọ.