Orí Alága Nínú Iná

Ẹnu Olúwaṣògo kò ní bíréèkì. Àìsàn rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí kẹ́míìsì tó ń ta oògùn rẹ̀ ní gbogbo Ìkẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ní ẹ rí ejò, òun ti rí ìyá ejò náà l'Ékòó. Bí ẹ bá ní òjò pa yín, òjò tó pa òun ní Lẹ́kì, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé òun jáde nínú rẹ̀!

Ọdún méje ló lò l'Ékòó. Ó ní àwòrán lòun ń yà fáwọn olówó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwòrán ló ti ṣiṣẹ́, òun ló sì ń fi àkísà nu eruku ara férémù. Ẹni tó ń nu férémù lójoojúmọ́, ṣé òun náà kò ti di oníṣẹ́ ọnà báyìí? Bí Ṣògo ṣe ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti gba ara rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí Èkó lé e wálé, ó gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ń wá olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọdún mẹ́fà rèé tí ìjọba kò rán ẹnì kankan síbẹ̀. Àwọn ọmọ ń san owó ìdánwò, ògiri ló ń kọ́ wọn. Àwọn òbí bá ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn á gba olùkọ́ fúnra wọn. Ọ̀gá àgbà, Ìyáàfin Fúnmilọ́lá, fún Ṣògo ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi dán an wò.

"Àwọn ọmọ ti ṣe iṣẹ́ wọn débì kan," ni ọ̀gá àgbà wí. "Jókòó tì wọ́n. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù sí, kí wọ́n wá tún un ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, alága ẹgbẹ́ òbí á wá wò ó. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iṣẹ́ di tìrẹ."

Iṣẹ́ yìí ká Ṣògo lára. Ilé àǹtí rẹ̀ ló ń sùn, oúnjẹ àǹtí rẹ̀ ló ń jẹ, gbogbo àràárọ̀ sì ni àǹtí náà ń bi í pé, "Èkó dà?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni Ṣògo dáhùn. "Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo máa ń bi léèrè l'Ékòó. Mélòó wá ni ti ọmọdé?"

Lọ́jọ́ kìíní, Joshua, ọmọ kíláàsì àṣekágbá, gbé àwòrán rẹ̀ wá. Kó tó lanu, Ṣògo ti já a gbà.

"Má sọ̀rọ̀! Ojú mi ti rí i. Ìyá arúgbó kan ló dorí kodò. Ọkọ rẹ̀ ló kú. Ẹ wo omijé!"

"Sà, Olósùnta ni."

"Olósùnta wo?"

"Òkè náà, sà. Ó wà lójú fèrèsé lẹ́yìn yín."

Ṣògo yíjú. Àpáta náà jókòó síbẹ̀ gbagidi, bó ṣe jókòó kí wọ́n tó bí bàbá ńlá rẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Mo mọ̀!" ni Ṣògo wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà mọ̀ ni."

Lọ́jọ́ kejì, ó kan Mojírádé. Amọ̀ lòun fi mọ orí ìyá rẹ̀. Ṣògo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wọlé títí dé ọrùn ọwọ́.

"Ha! Orí òfìfo! Ṣé bí ti ìyá rẹ ṣe rí nìyẹn?"

"Màmá mi àgbà ló ní kí n gbẹ́ inú rẹ̀, sà. Ìkòkò ni wọ́n ń mọ. Wọ́n ní amọ̀ tí inú rẹ̀ bá ki, iná á..."

"Màmá rẹ àgbà gbé Èkó rí?"

"Rárá, sà."

"Ó tán!"

Láti ọjọ́ náà, Ṣògo kò bi ọmọ kankan léèrè nǹkan mọ́. Ó ti rí ọ̀nà àbùjá. Òun gan-an á fi amọ̀ mọ orí alága! Bàbá Bọ́lájí, alága ẹgbẹ́ òbí, á rí ara rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, iṣẹ́ á bọ́ sọ́wọ́. Orí Bàbá Bọ́lájí kò sì kéré. Odindi garawa amọ̀ méjì ló lọ sí i, ó ki pọ́pọ́ bí òkèlè iyán. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì ló parí rẹ̀.

Mojírádé fọwọ́ kàn án. "Sà, ó ṣì tutù."

"Ara tó bá dá ló ń tutù," ni Ṣògo wí.

Jímọ̀ dé. Wọ́n to igi àti imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ sẹ́yìn kíláàsì. Màmá àgbà Mojírádé wá bá ọmọọmọ rẹ̀ to iṣẹ́ síná. Ó rí orí ńlá náà, ó wò ó, ó tún un wò.

"Ọmọ mi, ṣé èyí ti gbẹ?"

"Màmá, àwa ará Èkó kì í dúró de oòrùn."

"Ó dáa," ni ìyá náà wí, ó sì rọra gbé ti Mojírádé lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibi tó jìnnà dáadáa.

Wọ́n ṣáná sí i. Bàbá Bọ́lájí jókòó sórí àga rọ́bà láàárín àwọn òbí, abọ́ ẹ̀pà lórí orúnkún rẹ̀. Ṣògo dìde, ó wúkọ́.

"Bàbá, orí yín ló wà nínú iná yìí! Lónìí, gbogbo ayé á rí ohun tó wà nínú rẹ̀!"

GBÀÀ! Imú fò jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀gá àgbà kọjá. GBÒLÀ! Etí kan bọ́ sínú abọ́ ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà ni orí náà là sí méjì yánnayànna lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni àwọn òbí ké.

Bàbá Bọ́lájí ṣí fìlà, ó fọwọ́ méjèèjì di orí ara rẹ̀ mú. "Orí mi kò ní fọ́ o!"

"Kò ní fọ́!" ni gbogbo òbí dáhùn.

"Orí mi kò ní jóná o!"

"Kò ní jóná!"

Ṣògo ló ń ṣe àmín tó rinlẹ̀ jù, àfi ìgbà tí alága kọjú sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló rán ọ sí mi?"

"Ọ̀gá àgbà ni, sà."

"Èmi kọ́ o!" ni Ìyáàfin Fúnmilọ́lá ké, ó fò dìde lórí àga.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níjòókòó, orí tirẹ̀ gan-an ló fọ́!

Nígbà tí iná rẹlẹ̀, màmá àgbà fi igi gígùn fa orí tí Mojírádé mọ jáde. Ó pọ́n bí ẹyìn, kò sì sán níbì kankan. Ìyá náà kò yin ẹnikẹ́ni. Ó mú àpáàdì kan lára orí alága, ó nà án sí àwọn ọmọ.

"Kí lojú yín rí níbẹ̀?"

"Màmá, ìta ti pọ́n, inú ṣì dúdú," ni Joshua wí.

"Kí ló fà á?"

"Omi há sínú rẹ̀. Kò rọ́nà jáde."

"Ìwọ Mojírádé, tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó tán síbẹ̀?"

Mojírádé wo iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́. "Rárá, màmá. Mo sáré ṣe ètè rẹ̀. Ìyá mi kì í panu dé báyìí. Màá tún òmíràn mọ."

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà sókè lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ọmọ tí kò fẹ́ sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n kọ́ ni nǹkan téèyàn ń pa mọ́ra.

Bàbá Bọ́lájí dé fìlà rẹ̀ padà. "Màmá, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé."

Ọ̀gá àgbà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Sà, màmá kò ní ìwé ẹ̀rí."

"Ìwé ẹ̀rí kẹ̀? Ẹ wo etí mi nínú ẹ̀pà!"

Ṣògo sáré bọ́ síwájú. "Èmi... èmi ńkọ́?"

Màmá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó wá. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni, wọn kì í bí i mọ́ èèyàn. Kó jókòó ti àwọn ọmọ."

"Mo gbà, màmá!" ni Ṣògo wí kíá.

"Kò burú," ni ọ̀gá àgbà wí. "Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló ń gbé tábìlì àti àga tirẹ̀ wá láti ilé. Èyí tí ìjọba ṣèlérí fún wa kò tíì dé."