Ọjọ́ Tí Mo-lè-ṣe-é Gbé Ẹsẹ̀ Kọ́rùn

Káfíńtà kan wà ládùúgbò wa, kò sí iṣẹ́ tí ẹ máa dárúkọ lójú rẹ̀ tí kò ní sọ pé òun lè ṣe é. Ẹ ò tíì sọ ọ́ tán tí yóò ti máa ká apá aṣọ sókè. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Mo-lè-ṣe-é. Bóyá ó lè ṣe é lóòótọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ọmú ìyàwó rẹ̀, apá ọ̀tún obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, torí omi ara kò rọ́nà gbà mọ́. Dókítà ní kó máa wọ aṣọ apá tó fún pinpin, kó má gbé ẹrù wúwo, kó sì máa ṣe yógà, ìyẹn eré ìnara pẹ̀lú mímí kanlẹ̀, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Mo-lè-ṣe-é ní òun máa sìn ín lọ.

Nínú gbọ̀ngàn náà, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló ní apá wíwú. Nọ́ọ̀sì kó ìrọ̀rí fún wọn láti gbé apá lé. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ti ilẹ̀. Wọ́n rọra ń nawọ́ sókè, wọ́n ń di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n ń tú u, kí omi lè rìn.

Mo-lè-ṣe-é bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mímí náà ni wọ́n wá ń kọ́, ṣebí òun ti ń mí láti kékeré. Ó ní ojúlówó yógà wà nínú fóònù òun, òun á fi hàn wọ́n.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó sórí àga,” ni nọ́ọ̀sì wí.

“Àga kẹ̀? Èmi tí mo ń kan àga!”

Ló bá fọwọ́ méjèèjì fa ẹsẹ̀ òsì, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ọrùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ní òun ò lọ. Ṣòkòtò ya fààà lẹ́yìn. Ó yí gbirigbiri lọ kọlu ògiri. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Mo-lè-ṣe-é ń wò.

Ó rọra pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá gbé òun.

“Bàbá àwọn ọmọ, dókítà ní n ò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo.”

Ó wo obìnrin tó tẹ̀ lé e. Dókítà ti kìlọ̀ fún ìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ló wò wọ́n yíká, kò sí apá kan tó ṣeé yá.

Nọ́ọ̀sì wá jókòó tì í, ó ní kó mí sínú, kó rọra mí síta. Mímí tó fi ṣẹ̀sín náà ló ń mí, omijé ń bọ́, ẹsẹ̀ sì ń yọ kúrò lọ́rùn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi balẹ̀. Ọrùn nìkan ló kọ̀ tí kò padà. Ẹsẹ̀ ló dẹ́ṣẹ̀, ọrùn ló jẹ̀yà. Àgbà kì í wà ní kíláàsì kí ọrùn ara rẹ̀ wọ́, àmọ́ tirẹ̀ wọ́.

Wọ́n padà délé, gèlè ìyàwó ló fi bo ìdí. Aládùúgbò wọn pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó bèèrè àlàáfíà apá. Mo-lè-ṣe-é sáré dáhùn pé òun ti kọ́ wọn ní yógà gidi, ṣùgbọ́n ògiri ló dojú kọ, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Apá mi kò wú tó tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ ṣeun,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ọkọ mi ló kù tó ń wú.”