Bọ́nẹ́ẹ̀tì Mọ́tò Kábíyèsí Kì Í Ṣe Adé

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìṣapá, ẹ dákẹ́ ariwo! Ẹni tó ń gúnyán, kó fi ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń bá aya jà, kó gbé ìjà náà pamọ́, yóò bá a níbi tó fi í sí. Ọ̀rọ̀ tó ti ààfin jáde lónìí kì í ṣe ti owó orí. Kì í ṣe ti ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ lójú pópó. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ẹ jẹ́ kí akéde tún un wí: ọ̀rọ̀ mọ́tò ni.

Àwọn ìjòyè ní kí akéde ké àṣẹ nìkan, kó má sọ ìdí ẹ̀. Akéde gbọ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí kò nídìí, ìkòkò tí kò nídìí ni, kò lè gba omi dúró. Akéde yóò sọ ìdí ẹ̀. Ẹni tí inú bá ń bí, agogo rèé lọ́wọ́ akéde, kó wá gbà á.

Ẹ mọ mọ́tò dúdú tí Kábíyèsí fi ń lọ sóde. Ẹ mọ Làísì tó ń wà á, ọmọ Ìyá Aláró ní Ìsàlẹ̀-Odò, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń wakọ̀, omi inú ife kì í dànù. Làísì kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì nílé mìíràn. Yàrá tó ń gbé lẹ́yìn ààfin, iṣẹ́ yìí ló fún un. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bá kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ọjọ́ náà ni ìyàwó ẹ̀ yóò di ẹrù.

Ó ṣe, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó húkọ́ lọ́nà oko. Ó húkọ́ níwájú mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó wá fẹ́ dójú tì wá pátápátá, ó kú sí ẹnubodè Ìjàrò, lójú ọba tiwọn, tí àwọn ìjòyè wa ká agbádá lé èjìká, tí wọ́n ń tì í. Ẹ̀rín tí àwọn ará Ìjàrò rín lọ́jọ́ náà, wọn ò tíì rín in tán. Bẹ́ẹ̀ ọdún Ìjẹṣu ti dé tán, Ìjàrò yìí kan náà la sì tún ń lọ. Kábíyèsí wá ní bí mọ́tò kò bá yá kọ́dún tó kò, kí Làísì kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ni ààfin bá pín sí méjì.

Olorì Morẹ́nikẹ́ ní kí wọ́n gbé e padà sí kọ́ńpìnnì tó tà á, ní ìlú ńlá. Ó ní ibẹ̀ mọ́ tónítóní, atẹ́gùn tútù ń fẹ́, wọ́n ń bu tíì fún ẹni tó gbé mọ́tò wá, kọ̀ǹpútà ló sì ń yẹ mọ́tò wò, kì í ṣe ẹni tó ń fi imú gbóòórùn ẹ́ńjìnnì bí ajá ọdẹ. Olóyè Ọ̀dọ̀fin ní ó tì. Ó ní Àtàndá mẹkáníìkì abẹ́ igi ìyeyè ni kí wọ́n pè. Ó ní ẹni tí wọ́n fi jókòó sẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú tíì, ṣé ó ń rí ohun tí wọ́n ń fi mọ́tò ẹ̀ ṣe? Olorì ní ẹni tó gbé mọ́tò fún Àtàndá náà kúkú ń rí mọ́tò ẹ̀, ibi ìgbéyàwó ló ti ń rí i, tí Àtàndá fi ń gbé ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹ̀ kiri. Àwọn tó wà níjòkòó fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ àbúrò Ọ̀dọ̀fin ni Àtàndá, ẹ má sọ pé akéde ló sọ.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí kọ́ńpìnnì. Wọ́n bu tíì fún Làísì. Wọ́n ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Làísì ní èèwọ̀ ni. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bu tíì mìíràn fún un, wọ́n nu gíláàsì mọ́tò, wọ́n ní ó dàbọ̀. Wọ́n wá pe Àtàndá. Àtàndá ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Làísì ní èèwọ̀ ni. Àtàndá kò fẹ́ kí iṣẹ́ ààfin bọ́ lọ́wọ́ òun, ló bá wọ abẹ́ mọ́tò, ó fi òòlù lu nǹkan kan, sàlẹ́ńsà já bọ́. Mọ́tò tó ń húkọ́ wá ń húkọ́, ó tún ń bú ramúramù.

Èèwọ̀ ọ̀hún ńkọ́? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tí mọ́tò dé ààfin, Ọ̀dọ̀fin ló dìde láàárín èrò, tó ní ọba kì í wo inú adé. Ó ní adé ló wà lórí ọba, bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà lórí mọ́tò ọba, nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo inú ẹ̀ láéláé. Gbogbo wa pátẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà pátẹ́wọ́, ẹ má wolẹ̀. Làísì nìkan ló dọ̀bálẹ̀ pé mọ́tò ń mu ọ́ìlì o. Ọ̀dọ̀fin bi í bóyá baba ẹ̀ ló ni adé. Láti ọjọ́ náà, ọ́ìlì kò kan mọ́tò yẹn lọ́fun. Ẹ ò fún un lómi, ẹ wá ń bi í ní ìdí tó fi ń húkọ́.

Lánàá, ìgbìmọ̀ jókòó. Ọ̀dọ̀fin ló tún kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe mọ́tò ló ń ṣàìsàn, ọwọ́ Làísì ni kò dáa. Ó ní ọwọ́ yẹn náà ló jí fìlà ẹtù òun tó sọnù nínú ààfin lọ́dún tó kọjá. Làísì gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí ẹní. Ó ní òun ń lọ, ṣùgbọ́n kí bàbá òun Ọ̀dọ̀fin dákun, bí ìlẹ̀kẹ̀ adé bá já, ta ló ń tún un sín? Ẹni tó ń tún un sín, ṣé ó máa ń di ojú ni?



Kábíyèsí dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí mọ́tò kí èèwọ̀ má bàa bàjẹ́, ó ní kí wọ́n ṣí i. Wọ́n ṣí i. Òkété ló bẹ́ jáde, ó gba àárín ẹsẹ̀ Ọ̀dọ̀fin kọjá. Ó ti gé wáyà jẹ. Ó ti kó ẹyìn àti háhá àgbàdo jọ. Láàárín gbùngbùn, ó tẹ́ ibùsùn fún àwọn ọmọ ẹ̀, fìlà ẹtù sì ni ibùsùn náà.

Ẹ gbọ́ àṣẹ wàyí!

Èkíní: bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í ṣe adé. Ẹni tó bá tún pè é ní adé, òun nìkan ni yóò ti mọ́tò náà dé Ìjàrò, nínú agbádá, nínú oòrùn.

Èkejì: bí àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí kọ́ńpìnnì bá yín ṣe kò bá tíì parí, ẹ gbé mọ́tò padà fún wọn, kí wọ́n jẹ iyán tí wọ́n gún. Bó bá ti parí, ẹ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ẹ mọ ilé ìyá ẹ̀. Ilé ìyá ẹ̀ o, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù ẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ibi yòówù tí ẹ lọ, ẹ jókòó ti mọ́tò. Ohun tí wọ́n bá yọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ gbé e relé. Ẹni tó bá mu tíì tó gbàgbé mọ́tò ẹ̀, yóò fẹsẹ̀ rìn bọ̀, yóò sì ru ife ẹ̀ lórí.

Ẹ̀kẹrin: mẹkáníìkì tó bá fi mọ́tò oníbàárà gbé ìyàwó, yóò gbé ìyàwó náà pọ̀n dé ilé ọkọ. Àtàndá, akéde ò pe orúkọ ẹnìkan.

Ẹ̀karùn-ún: kí òkété kó jáde nínú ààfin kílẹ̀ tó mọ́. Bó bá kọ̀, ọbẹ̀ ni yóò dá ẹjọ́ náà.

Ẹ̀kẹfà: kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ Làísì. Ìyàwó ẹ̀ tó ti ń di ẹrù, kó tú u.

Ìró tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn akéde yẹn, mọ́tò Kábíyèsí ni. Ó ti mu ọ́ìlì, Àtàndá ti so wáyà ẹ̀ lójú Làísì, kò húkọ́ mọ́. Ẹ yà lọ́nà. Iwájú ni wọ́n fi Ọ̀dọ̀fin jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Làísì, fìlà ẹtù ọ̀hún sì nìyẹn lórí ẹ̀. Kábíyèsí ní kò gbọdọ̀ ṣí i títí a ó fi ti Ìjàrò dé. Ẹni tó bá fẹ́ kí Olóyè, kó kí i. Ibi tí òkété ti gé jẹ, etí ọ̀tún ẹ̀ yọ síta, yóò gbọ́.

Ọba ló sọ ọ́, ẹnu lásán ni akéde yá a. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó sùn. Ẹni tó sùn, kó dìde, kó lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dàbọ̀!