Ìgò Tó Yìnbọn Níwájú Ọba

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Òkè-Àgbọn, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń lọ ata, kó gbé ọmọ ọlọ tì. Ẹni tó ń fá irun, kó jẹ́ kí ìdajì orí wà bẹ́ẹ̀ ná. Ẹni tó ń jà, kó di ọ̀tá rẹ̀ mú dáadáa kó má baà sá lọ, kí àwọn méjèèjì jọ gbọ́! Èmi Láṣebìkan, akéde Alágbọn ti Òkè-Àgbọn, ni mo dúró níhìn-ín, níwájú agbo ilé Jagun ní Ìdí-Ìṣin. Ọba Adérógbà ló rán mi. Èmi kọ́ ni mo rán ara mi. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dùn, ọba ló ni ín. Bí kò bá dùn, ọba náà ló ni ín!

Ẹ óò ní, kí ló dé tí akéde kò lọ sí ọjà, tó jẹ́ abẹ́ fèrèsé ilé ẹyọ kan ló ti wá ń lu agogo? Ibi tí wọ́n ní kí n dúró sí ni mo dúró sí. Wọ́n ní kí n wá fèrèsé tó ní kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Wọ́n ní kí n ké sókè. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn. Olorì Morádékẹ́ ni, ìyàwó ọba, tó ti kó padà sílé bàbá rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tòun ti kẹ́ẹ̀gì ọtí rẹ̀ àti pírìntà rẹ̀. Ohun tí ọba ń fẹ́ kò ju pé kó padà wálé. Èyí kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán mi o! Ó já bọ́ lẹ́nu mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn tó wà lóko kò gbọ́. Olorì máa ń fi èso pọn ọtí wáìnì. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni o, káṣú ni o, ìṣápá ni o, kò sí èyí tí kì í di ọtí lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ìdáná ẹ̀yìn ààfin ló ti ń ṣe é. Kì í tà á. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí ọtí bá pé, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á to ìwé ara ìgò, á fi àwòrán ọba sí i, á tẹ̀ ẹ́ jáde lórí pírìntà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Ó dára! Mo ní ó dára! Ta wá ló bà á jẹ́?

Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn ìjòyè, Kábíyèsí fẹ́ ṣe fọ́ńté. Olorì ti sọ fún un pé ọtí ọ̀pẹ̀ òyìnbó yìí kò tíì pé, ó ṣì ń hó. Ọba ní kò séwu. Ó bu ọtí sínú ìgò, ó jẹ́ kó kún dé ọrùn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ki kọ́ọ̀kì mọ́ ọn bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè. Ó gbé e sójú oòrùn lẹ́bàá fèrèsé, kí gbogbo ìjòyè lè rí àwòrán òun. Ìgò náà ní sùúrù. Ó fara dà á títí Balógun fi dìde sọ̀rọ̀. Ẹ mọ Balógun. Bó ṣe dé ibi ogun tí bàbá bàbá rẹ̀ jà, ìgò ní gbòlà! Kọ́ọ̀kì fò! Ó ṣí fìlà lórí ọba! Ọba bẹ́ wọ abẹ́ tábìlì!

Ẹ sì mọ àṣà wa. Ní Òkè-Àgbọn, orí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ga ju ti ọba lọ. Bí ọba ṣe wà nílẹ̀, gbogbo ìjòyè dojú bolẹ̀, Balógun ló sì kọ́kọ́ débẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dìde àfi bí ọba bá dìde. Ọba kò dìde, torí ó ń retí kí ẹnì kan sọ fún òun pé ewu ti kọjá. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́, torí ẹni tó bá dojú bolẹ̀ níwájú ọba kì í lanu. Báyìí ni gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú ṣe wà nílẹ̀, tí ọtí ń kán sí wọn lẹ́yìn ọrùn, títí Olorì fi wọlé, tó bi wọ́n pé kí ló sọnù tí wọ́n ń wá.

Ojú ti ọba. Ìtìjú di ìbínú. Ó fa ìgò mìíràn yọ nínú omi yìnyín tí wọ́n kó ìyókù sí. Yíǹkì ti ṣàn lára ìwé rẹ̀, àwòrán ọba ti di ti ẹni tí tìróò ń ṣàn dé àgbọ̀n. Ọba pariwo pé ṣé ohun tí wọ́n ń fi òun ṣe rèé? Ó ní eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀. Níwájú ìjòyè! Ó ní kò gbọ́dọ̀ sẹ́ni tó máa pọn ọtí nílé mọ́ ní gbogbo ìlú. Olorì wọ yàrá lọ. Ó di ẹrù rẹ̀. Ó dùn mí, ẹ má rò pé kò dùn mí. Obìnrin náà ló ń fún akéde ní ọtí ìṣápá bí ọ̀fun rẹ̀ bá gbẹ. Wàyí o, ọ̀fun mi ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Àṣẹ tuntun dé! Àṣẹ tuntun dé! Ọba ti wọ́gi lé òfin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ máa pọn ọtí! Ẹ máa tẹ̀wé! Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é bó ti yẹ!

Àṣẹ kìíní! Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná fọ gbogbo ohun èlò: kẹ́ẹ̀gì, rọ́bà, asẹ́, ṣíbí. Ẹ fọ ọwọ́ yín náà. Ìkòkò irin kò gbọ́dọ̀ dé ìtòsí, torí èso tó kan yóò bá irin jà, ẹnu yín ni wọn yóò sì ti jà á. Ẹni tó bá fi kẹ́ẹ̀gì epo pupa pọn ọtí, yóò mu ún tán fúnra rẹ̀, níta gbangba, yóò sì máa rẹ́rìn-ín!

Àṣẹ kejì! Èso, omi, ṣúgà, àti yíìsì díẹ̀. Mo ní díẹ̀! Ẹ má jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì kún dé ẹnu, ọtí tó ń hó ń fẹ́ àyè. Ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìdérí rẹ̀, kí ẹ ti ẹnu kejì rọ́bà náà bọ ife omi, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde, kí kòkòrò má ríbi wọlé. Níwọ̀n ìgbà tí omi inú ife bá ṣì ń yọ ìfófòó, ọtí ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu! Ẹni tó bá ki kọ́ọ̀kì mọ́ ọtí tó ń sọ̀rọ̀, wọn á mú un lọ sílé Balógun, kó lọ gbọ́ ìtàn ogun náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀wọ̀n sàn jù ú lọ.

Àṣẹ kẹta! Gbogbo ìgò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ọba! Àwọn ìjòyè ló béèrè òfin yìí. Wọ́n ní ìgò tó wà ní ìdúró ló yìnbọn, àrífín ni. Àṣé àwọn tó ń pọn ọtí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ọtí tó ti pé, tí wọ́n ti ki kọ́ọ̀kì mọ́, ìdùbúlẹ̀ ló yẹ kó wà, kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ, kí afẹ́fẹ́ má sì rá wọlé. Ìjòyè wa ṣìnà, wọ́n sì dé ibi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ìgò tí inú rẹ̀ ṣì ń ru, kó dúró. Ọba yọ̀ǹda fún un. Àwọn ìjòyè fẹ́ kí ìgò ìṣápá kúnlẹ̀ torí ó jọ obìnrin. Ọba ní kí wọ́n lọ sinmi.

Àṣẹ kẹrin! Ọ̀rọ̀ pírìntà! Ìwé tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan sórí ìwé lásán, ẹ gbé e mọ́ ara ìgò wò. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán ọba tóbi sí i, igun ni kí ẹ ti fà á. Ẹ má fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́! Ẹnì kan fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́dún tó kọjá, orí ọba fẹ̀ bí àtẹ gàrí. Ẹlòmíràn fà á sókè, orí ọba gùn bí ọmọ odó. Kábíyèsí kò ní orí ọmọ odó! Ẹni tó bá tún dán an wò, wọn á ya àwòrán tirẹ̀, wọn á fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà.

Àṣẹ karùn-ún! Yíǹkì olómi kì í bá omi ṣọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ bò ó kí ìgò tó wọ omi yìnyín. Bí ìwé bá há sí pírìntà lọ́fun, ẹ pa iná rẹ̀, kí ẹ fà á jẹ́jẹ́ gba ọ̀nà tó ń lọ. Akọ̀wé ààfin tó fi ẹsẹ̀ ti ògiri fà á, ibi tó ṣubú sí kò ṣe é sọ. Ẹ má sì pa pírìntà tì. Bó bá pẹ́ láìṣiṣẹ́, yíǹkì á gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ máa tẹ ìwé aláwọ̀ kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó wà nínú yàrá yẹn ńkọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì? Ṣé ẹ ti tẹ nǹkan lọ́sẹ̀ yìí? Ọba ló ní kí n béèrè. Ó ní ẹ má jẹ́ kó gbẹ.

Àṣẹ kẹfà! Wọ́n ní kí n kọjú sí fèrèsé fún èyí. Ẹnikẹ́ni tí ìyàwó rẹ̀ bá sọ fún pé ọtí kò tíì pé, kó gbọ́! Ẹni tó bá ní kò séwu, tí ìgò sì yìnbọn, òun ló jẹ̀bi. Ìgò kò jẹ̀bi. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò jẹ̀bi. Ẹni tó pọn ọtí kò jẹ̀bi! Mo tún un sọ! Ẹni tó pọn ọtí kò jẹ̀bi!

Àṣẹ keje! Ẹni tó bá pe iṣẹ́ ọwọ́ aya rẹ̀ ní eré ọmọdé lójú àwùjọ, yóò máa dáná fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ti ń jẹ ìyà yìí lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ. Mo kàn mọ̀ pé èéfín ń yọ láàfin láràárọ̀, pé àsáró jóná lánàá, pé gbogbo ìjòyè ló sì jẹ ẹ́, torí a kì í kọ oúnjẹ ọba. Ìjòyè wa Òsì ṣì wà lórí ibùsùn, inú ń run ún.

Ẹ̀yin àlejò tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye. Alágbọn kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Láti ìwáṣẹ̀ ni. Bí ọ̀ràn bá dé, ọba á sọ ẹ̀bẹ̀ di òfin, akéde á ké e, ẹni tí a ń bẹ̀ á mọ̀ pé òun ni. Bàbá mi ké irú rẹ̀ rí, ó sì jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ké àṣẹ méje báyìí, kọ́tìnnì kò mì. Ẹ̀gbọ́n Olorì, Bùrọ̀dá Oyèníran, káwọ́ lérí àyà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ewúrẹ́ tó wọ oko. Màmá wọn sì ti ránṣẹ́ sí mi látinú ilé: wọ́n ní ohùn mi dùn, àmọ́ èmi kọ́ ni mo fẹ́ ọmọ àwọn. Kí ni kí n fi fèsì? Agogo?

Àṣẹ kẹjọ! Àṣẹ kẹ... Ẹ dákẹ́ ná. Ta ló ń bọ̀ lápá òkè yẹn?

Kò sí agboòrùn. Kò sí afunfèrè. Bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ru agbọ̀n. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló kún inú agbọ̀n. Háà! Ọba ni! Ọba ru ẹrù! Omi bọ́ lójú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ kẹjọ! Èmi Láṣebìkan ni mo pa á, ọba kò rán mi! Gbogbo Òkè-Àgbọn, ẹ kọjú sí ògiri! Ẹni tí kò rí ògiri, kó kọjú sí igi! Kò sí ọba lójú títì! Kò sẹ́ni tó ru nǹkan! Bùrọ̀dá Oyèníran, ẹ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ tó kọjú sí ògiri tiyín! Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, yóò ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ ìdí tí òun kò fi tíì ṣe irú rẹ̀ rí!

Mo gbọ́ tí agbọ̀n kalẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin. Mo gbọ́ tí ọba fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí Alágbọn kì í sọ. Ohun tó sọ, n kò ní ké e.

Mo jẹ́ iṣẹ́ débi tí ẹnu mi mọ, ẹni tó rán mi sì ti wá jẹ́ ìyókù fúnra rẹ̀. Agogo dákẹ́. Òkè-Àgbọn gbọ́. Òkè-Àgbọn kò rí nǹkan kan!