Ẹ̀rọ Ìgúnyán tí Mo Gbé Lọ Sílé Àna Mi

Bí mo bá tilẹ̀ darúgbó, ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé àwọn òbí Káyọ̀dé, àfẹ́sọ́nà mi nígbà náà, ní Erio. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Èkìtì, ìyàwó tí kò mọ iyán gún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán lẹ́nu ará ilé bọ̀rọ̀. Èmi ọmọ Arámọkọ yìí ò sì mọ̀ ọ́n gún. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ohun tí mo fẹ́ fi gboyè ni bí a ṣe lè fi ìṣirò gbé jẹnẹrétọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ojúlówó.

Ni mo bá dá ọgbọ́n. Mo yá ẹ̀rọ ìgúnyán lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí Káyọ̀dé ka ohun tí wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀ ilé wọn fún mi lórí fóònù, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ìṣirò. Jẹnẹrétọ̀ orí kọ̀ǹpútà gbé ẹ̀rọ náà láìmí kanlẹ̀. Mo gbàgbé pé nínú ìṣirò yẹn, mo ti gbà pé eré ẹ́ńjìnì kì í dín kù, ohun yòówù kí wọ́n gbé lé e. Ọ̀mọ̀wé ni mí, ẹ má bínú.

Nígbà tí mo débẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé, Dádì, bàbá Káyọ̀dé, sì ń wo bọ́ọ̀lù ní pálọ̀. Mo da iṣu tó ti jinná sínú ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kérora, tẹlifíṣọ̀n kú.

“Ta ló pa á?” Dádì béèrè. “Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ẹ́ wọlé.”

Mo ní fíríìsà ló fà á. Mo yọ wáyà rẹ̀, mo tún ẹ̀rọ tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èéfín dúdú rú lẹ́yìnkùlé, jẹnẹrétọ̀ sì dákẹ́ pátápátá. Mọ́mì, ìyá Káyọ̀dé, wọ ilé ìdáná. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo ti ń wo ìgbéyàwó mi bó ṣe ń bá èéfín lọ.

“Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó gbé e, mà,” ni mo wí.

“Ṣé uyán orí kọ̀ǹpútà ọ̀hún ṣeé jẹ?”

“Rárá, mà.”

“Gbé odó wá.”

Wọ́n mú ọmọ odó kan, wọ́n fún mi ní ìkejì. Tèmi kọlu tiwọn, iṣu ta sí mi níwájú orí.

“Má kánjú. Bí tèmi bá ń lọ sókè, kí tìrẹ máa bọ̀ wálẹ̀.”

Nígbà tó yá, ọwọ́ wa bá ara mu. Mo sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni òòfà inú jẹnẹrétọ̀ ṣe ń bá ara wọn yí, pé bí ọ̀kan bá ṣìsẹ̀, gbogbo rẹ̀ dàrú. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́, kí n máa gún.

Bí a ti jókòó ti oúnjẹ, Dádì ṣíwọ́ jíjẹ lójijì, wọ́n ń fi ahọ́n wá nǹkan lẹ́nu.

“Kókó wà nínú uyán yìí o. Ta ló gún un?”

Mo wolẹ̀.

“Èmi ni mo gún apá ibẹ̀ yẹn,” ni Mọ́mì wí, wọ́n sì ń bu ọbẹ̀ lọ.

Mo ti tún ìṣirò mi ṣe. Ó ti ń rẹ ẹ́ńjìnì inú rẹ̀ báyìí bí ẹrù bá pọ̀. Mo kọ́gbọ́n pé ohun tí a ò bá tíì gbé ẹrù lé lórí, ká má fi agbára rẹ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bá kókó nínú iyán nílé wa, èmi àti Mọ́mì kì í wojú ara wa, kí ẹ̀rín má baà pa wá.