Ta Ló Fá Irùngbọ̀n Bàbá?

Ọjọ́ Sunday kan wà tó kọ̀ tí kò fi ọkàn mi sílẹ̀ títí dòní. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, ojú á tì mí, ẹ̀rín á pa mí, inú á sì bí mi. Inú tó ń bí mi yẹn ló pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní àdúgbò Agric mọ̀ pé géèmù ni mo fi ń sinmi. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mi láti èbúté Ipakodo lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù, kí ọ̀gá mi lè rí ẹni tó máa jágbe mọ́. Bí mo bá wá délé, géèmù oníjà kan wà tí mo máa ń ṣe. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń fi àgbàlagbà kan jà nínú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò rọrùn lẹ́nu, nítorí náà Bàbá ni mò ń pè é. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó gùn dé àyà, ẹ̀wù rẹ̀ sì fẹ̀. Bó bá yọjú báyìí, ẹni tó fẹ́ bá a jà á ti mọ̀ pé wàhálà dé.

Àfi bí wọ́n ṣe gbé géèmù náà jáde ní tuntun. Wọ́n fá Bàbá! Wọ́n fá irùngbọ̀n rẹ̀ kodoro, wọ́n wọ ṣòkòtò tó fún pinpin fún un, wọ́n sì fi yẹtí sí i létí. Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́? Ọkùnrin tó ti ń jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ráhùn, kí ni wọ́n ń tún ṣe lára rẹ̀? Mo bínú débi pé mi ò ṣí fóònù mi fún odidi ọjọ́ kan, kí n má baà rí ẹni tó máa sọ fún mi pé tuntun yẹn dára.

Kò mọ ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n tún yí àwọn ohun èlò rẹ̀ padà. Páàdì àtijọ́ tí a fi ń darí géèmù ní okùn tirẹ̀. Bí o bá ti ki í bọ inú ẹ̀rọ, ó di kó o máa jà. Tuntun ò ní okùn, àfi kó o kọ́kọ́ fi í sórí iná bíi fóònù, níbi tí iná ti máa ń lọ nígbà tó bá wù ú. Hẹ́ẹ̀dífóònù tuntun ló wá burú jù. Ó lè so mọ́ géèmù kó tún so mọ́ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà sì rà á, òmùgọ̀ ni mí. Lára èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, bí iná pupa bá ti tàn, a jẹ́ pé máìkì ti tì pa, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohùn ẹ. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní àsìkò yẹn, Mọrẹ́nikẹ́ ni mo fẹ́ fẹ́. Ní Ẹ̀pẹ́ ni bàbá rẹ̀ ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, irùngbọ̀n tiwọn náà sì ń bẹ níbẹ̀, ó funfun, ó kún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, bí wọ́n ṣe ń wò mí láti ẹ̀yìn irùngbọ̀n yẹn, ẹja tí wọ́n gbé síwájú mi kò ṣeé gbé mì. Mo ní inú ń run mí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká ṣe mọ̀ mí n mọ̀ ọ́ nígbà tí àwọn àgbà ní ká ṣèpàdé lórí fóònù. Bàbá Mọrẹ́nikẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà níbẹ̀, Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀, tí wọn kì í gbójú fo nǹkan kan. Ìyá tèmi wà níbẹ̀, Mọrẹ́nikẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Mo kí gbogbo wọn dáadáa. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí iye iṣu tí a máa gbé wá, mo ní kí n fi géèmù ṣeré díẹ̀. Mo gbé hẹ́ẹ̀dífóònù tuntun náà sórí, mo tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iná pupa tàn. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rẹ ohùn ìpàdé nílẹ̀, mo gbé ti géèmù sókè.

Ẹni tí géèmù mú wá láti bá mi jà, Bàbá ni. Bó ṣe yọ àgbọ̀n lásán sí mi báyìí, orí mi gbóná.

“Ta ló fá irùngbọ̀n Bàbá?” Mo pariwo débi pé alábàágbé mi kan lu ògiri. “Àgbàlagbà ọkùnrin! Ẹ wo àgbọ̀n bí ẹyin sísè! Ṣé ẹni tí èèyàn á máa bẹ̀rù nìyí? Mi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ o! Ẹ dá Bàbá tí mo mọ̀ padà fún mi, àbí kí n gba ibòmíì lọ!”

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. “Gba ìpá! Gba èyí náà! Arúgbó ọ̀ṣọ́ lásán! Lónìí ni n ó gbé ẹ ṣánlẹ̀!”

Nígbà tí mo gbé e ṣánlẹ̀ tán, géèmù dákẹ́. Ohùn bàbá Mọrẹ́nikẹ́ wá jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní etí mi.

“Ọmọ mi, ṣé o ti sọ̀rọ̀ tán?”

Àwọn òǹrorò yẹn ti yí iná padà! Lára tuntun, bí iná pupa bá tàn, máìkì ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Fúnra rẹ̀ ló ti wà ní títì kí n tó fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣí i. Mo fò sókè, páàdì já bọ́ sínú gàrí tí mo rẹ. Mo gbọ́ Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé, “Mo ti sọ fún yín pé ọmọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́.” Mo gbọ́ ìyá mi tí wọ́n ń sunkún. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn gé fóònù.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí àwọn àwòrán tí Mọrẹ́nikẹ́ ti fi ránṣẹ́ látàná. Bàbá rẹ̀ ni, wọ́n jókòó sórí àga níta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n wọn kodoro.

Mọrẹ́nikẹ́ ò gbé ìpè mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ sí mi: “Wá fúnra ẹ.” Ní Mọ́ńdè, mo purọ́ fún ọ̀gá mi pé ara mi ò yá, mo di ẹ̀rọ géèmù sínú báàgì, mo sì gba ọ̀nà Ìtòíkin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ojúde ni mo ti dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ ti dé láti àárọ̀, wọ́n jókòó bí adájọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, inú géèmù ni ọkùnrin yẹn wà,” mo wí.

“Gbé e wá ká rí i,” bàbá Mọrẹ́nikẹ́ dáhùn.

Mo so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Mo yọ páàdì tuntun jáde, gàrí ti gan mọ́ ọn nínú, bọ́tìnì rẹ̀ ò gbọ́ mọ́. Bàbá inú géèmù kàn ń ta ìpá síwá sẹ́yìn níwájú àwọn àna mi, òógùn sì ń bọ́ lára mi. Okùn ìgbàanì ló gbà mí. Mo ti mú páàdì àtijọ́ dání. Mo fi í dá ọkùnrin náà dúró, mo wá fi àwòrán rẹ̀ àtijọ́ hàn wọ́n lórí fóònù mi.

Bàbá sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wò ó, wọ́n wo fóònù, wọ́n fọwọ́ pa àgbọ̀n ara wọn.

“Òótọ́ lo sọ,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ba ọkùnrin yìí jẹ́.”

Ìyá Ìbẹ̀ṣẹ̀ yíjú sógiri kí n má baà rí i pé ẹ̀rín ń pa wọ́n.

“Ṣé o mọ ìdí tí mo fi fá tèmi?” Bàbá bi mí. “O ò lè jẹ ẹja lọ́jọ́ sí. Mọrẹ́nikẹ́ ní irùngbọ̀n mi ló dẹ́rù bà ẹ́. Mo ní kí n fá a, kára lè tù ẹ́ tí ẹ bá wá. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀.”

Gbogbo ìbínú tí mo kó sórí àwọn oníṣẹ́ géèmù láti ọjọ́ yẹn wá, orí ara mi ni mo dà á sí. Mo tún dọ̀bálẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi sórí ilẹ̀ wọn.

“Dìde,” ni wọ́n wí. “Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò fẹ́ Bàbá láìsí irùngbọ̀n, ó máa dúró dè é. Ọjọ́ tí irùngbọ̀n mi bá dé àyà ni kẹ́ ẹ wá ṣe mọ̀ mí n mọ̀ ọ́.”

Wọn ò fi ṣeré. Oṣù lé oṣù, kò sí ohun tí mo gbàdúrà fún tó àgbọ̀n yẹn. Gbogbo Sunday ni mò ń ní kí Mọrẹ́nikẹ́ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, mo sì máa ń fi ìka wọn ibi tó dé. Láti ọjọ́ náà, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ni, n kì í fi nǹkan kan bo etí.

A ti ṣègbéyàwó báyìí. Irùngbọ̀n Bàbá Ẹ̀pẹ́ ti hù padà, mo sì ń jẹ ẹja wọn níwájú rẹ̀ tẹ̀rùtẹ̀rù. Ti Bàbá inú géèmù nìkan ni wọn ò tíì dá padà. Inú ṣì ń bí mi o, ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́ jáde báyìí, màá kọ́kọ́ wo gbogbo iná tó wà nínú yàrá.